Ìwé ìtàn àwọn tó wá ewé kiri ayé: ibo ni kí ẹgbẹ́ òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀?

Òǹkàwé_Ìkọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ òǹkàwé kan sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ènìyàn mẹ́wàá ni wá, olùkọ́ ló sì pọ̀ jù. Ohun tó wù wá láti kà ni ìwé ìtàn àwọn tó rìn kiri ayé láti wá ewé, igi àti kòkòrò, ìtàn àwọn ọgbà ewéko ńlá bíi Kew ní London, àti bí oògùn àti irè oko ṣe ti ìlú kan dé òmíràn. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe máa dá ìwé tó ṣeé gbára lé mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn fẹ́ dùn létí? Kí la sì lè fi ọwọ́ ara wa ṣe, kó má jẹ́ pé a kàn ń ka ìwé lásán?

Ọgbà_Adó

Ẹ má ti ọ̀dọ̀ ènìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ara igi tí ẹ mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìtàn ìgbésí ayé Linnaeus, ará Sweden tó dá ètò orúkọ ewéko sílẹ̀, tàbí ti Joseph Banks, onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìlú Yúróòpù ló máa kó sí i lórí, á sì ti sú u kó tó dé ojú ìwé 60. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú iṣin lọ́wọ́, tó ní "ta ló sọ èyí ní Blighia sapida?", ti di okùn ìtàn kan mú, kò sì ní fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Ẹ wo igi àyíká wa. Iṣin ń jẹ́ Blighia nítorí William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan. Apá ń jẹ́ Afzelia nítorí Adam Afzelius, ará Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone láàárín 1792 sí 1796. Osè ń jẹ́ Adansonia nítorí Michel Adanson, ará Faransé tó dé Senegal ní 1749. Orógbó ń jẹ́ Garcinia nítorí Laurent Garcin. Akòko ń jẹ́ Newbouldia nítorí àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi márùn-ún, àlejò márùn-ún, kò sì sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó kọ́kọ́ na ìka sí igi náà fún wọn. Obì nìkan ló yọ: láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra wọn ni Cola ti wá.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi gbogbo ìwé: ta ló fi ewé náà hàn án? Ìwé tó bá dáhùn, ẹ kà á dópin. Ìwé tí kò bá tiẹ̀ rò pé ìbéèrè náà wà, ẹ kà á pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ewé_Ìjerò

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń ka orúkọ Látìn kún un, torí inú rẹ̀ ni ìtàn máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ mú obì àbàtà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní kíkún ni Cola acuminata (P.Beauv.) Schott & Endl. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni orúkọ ìdílé, ìkejì ni ti òun gan-an. Ẹni tó wà nínú àkámọ́ ló kọ́kọ́ júwe rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn tó wà lẹ́yìn àkámọ́ ló wá gbé e sínú ìdílé tó wà báyìí. P.Beauv. yìí ni Palisot de Beauvois, ará Faransé tó dé Wárrì àti Bìní lọ́dún 1786, tó sì wá tẹ ìwé aláwòrán jáde lórí ewéko ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Ẹ wò ó: àkámọ́ kékeré lásán ti sọ ọ̀nà tí obì gbà wọ ìwé àwọn aláwọ̀ funfun fún yín. Ó gba etídò wa kọjá.

Ohun tó máa ń da òǹkàwé láàmú ni pé orúkọ Látìn máa ń yí padà. Nínú ìwé àtijọ́, Chlorophora excelsa ni ìrókò. Lónìí, Milicia excelsa ni. Ẹ má rò pé òǹkọ̀wé ṣìnà. Ẹ tẹ orúkọ àtijọ́ náà sínú Plants of the World Online, ọ̀fẹ́ ni, ti Kew ni, á sọ èyí tí wọ́n ń lò báyìí fún yín.

Ti orúkọ Yorùbá tún lójú pọ̀ ju ti Látìn lọ. Ìwé J. M. Dalziel lórí ewéko tó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jáde ní 1937, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń mú orúkọ ìbílẹ̀ títí dòní. Ìwé àtijọ́ báyẹn kì í sábà ní àmì ohùn, àgbègbè kan sì lè yàtọ̀ sí òmíràn. Èkìtì ń pe igi ní ugi, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Bí ẹ bá ń wá orúkọ tí ìyá àgbà kan pè fún yín, ẹ wá a lábẹ́ i, ẹ tún wá a lábẹ́ u, kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀.

Àkàgbádùn

Ẹ ṣeun. Fún àpẹẹrẹ, ìtàn iṣin rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀: Captain Bligh ló ṣàwárí rẹ̀ ní Jamaica ní 1793, ó sì fi ránṣẹ́ sí London.

Ọgbà_Adó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe, torí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gan-an ló kún inú àwọn ìwé wọ̀nyí.

Bligh kò ṣàwárí iṣin. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé iṣin. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e dé Jamaica ṣáájú Bligh, ó sì ti wà níbẹ̀ ní 1778. Nígbà tí Bligh dé ní 1793, ó mú lára rẹ̀ lọ sí Kew. Ní 1806 ni onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Koenig wá sọ igi náà ní Blighia láti fi yẹ́ ẹ sí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn: ẹni tó mọ igi, ẹni tó gbé e, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìwé kan bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ "ó ṣàwárí", ẹ tú u ká fúnra yín.

Kí ni Bligh tiẹ̀ ń wá kiri? Bẹrẹfúútù ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní jálókè. Wọ́n fẹ́ kó o láti Tahiti lọ fi bọ́ àwọn ẹrú ní erékùṣù Caribbean. Nínú ọkọ̀ Bounty, ohun ọ̀gbìn 1,015 ló wà nínú ìkòkò nígbà tí àwọn atukọ̀ dìtẹ̀ ní oṣù kẹrin 1789, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sómi. Ìrìn àjò kejì, nínú ọkọ̀ Providence, ló kẹ́sẹ járí ní 1793. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ ti ìdìtẹ̀ náà bí eré orí ìtàgé, tí wọ́n á sì fi gbólóhùn kan fo ìdí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ ẹrú kiri. Ìdí yẹn ni kókó.

Nípa iṣin fúnra rẹ̀, ẹ lè yẹ òǹkọ̀wé wò bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Èso tí kò tíì gbó ní májèlé tí wọ́n ń pè ní hypoglycin. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, èébì ló sì máa ń kọ́kọ́ bá ẹni tó jẹ ẹ́. Èyí tó gbó máa ń pupa, á sì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi sọ́nà mẹ́ta, kóró dúdú tó ń dán á yọ, ara funfun tó ń rọ́ díẹ̀ á sì wà nídìí rẹ̀. Ara yẹn nìkan la ń jẹ. Okùn pupa tó wà láàárín rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́ dànù. A kì í fi ọwọ́ la èyí tí kò la ara rẹ̀. Ọmọ kékeré ní abúlé Èkìtì mọ èyí. Òǹkọ̀wé tó bá kàn kọ ọ́ pé "èso olóró" kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Láíbìrì_Ọ̀yẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìbéèrè kejì. Bí ẹ bá rí ìwé kan, yálà nílé ìtàwé tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà ìwé, ìṣẹ́jú 15 tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn. Bí kò bá sí atọ́ka ọ̀rọ̀, tí kò sì sí àlàyé ibi tó ti mú ọ̀rọ̀, ìtàn àgbọ́sọ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí atọ́ka bá wà, ẹ wá orúkọ ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ìtàn mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe sọ ọ́.

Ti àkọ́kọ́ ni fànílà. Igi tó ń fà ni, Mẹ́síkò ló ti wá. Wọ́n gbìn ín sí àwọn erékùṣù òkun Íńdíà, ó ń yọ òdòdó ṣùgbọ́n kò so, torí kòkòrò tó ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri kò sí níbẹ̀. Ní 1841, ní erékùṣù Réunion, ọmọ ẹrú ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Edmond rí ọ̀nà rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín akọ àti abo inú òdòdó náà. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awọ yẹn sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń gbà. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni òdòdó náà máa ń là, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn ín. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń fi ṣe é lónìí. Wọ́n sọ ọ́ ní Albius nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1848, inú òṣì ló sì kú sí ní 1880. Onímọ̀ ewéko kan dìde láti sọ pé òun ló kọ́ ọ. Ọ̀gá tó ni ọmọ náà ló kọ̀wé pé rárá, Edmond ló dá a ṣe. Ìwé tó bá kọ ti fànílà tí kò dárúkọ Edmond Albius, ẹ dá a padà.

Ìkejì ni igi kuníìnì, tí wọ́n ń yọ oògùn ibà lára èèpo rẹ̀. Gbogbo ìwé ló máa sọ pé Pelletier àti Caventou, ará Faransé méjì, yọ kuníìnì jáde ní 1820. Ó dára. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó sọ erékùṣù Java di olórí nínú òwò kuníìnì, Manuel Incra Mamani, ọmọ ìbílẹ̀ Bòlífíà, ló ṣà á fún Charles Ledger, oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n mú Mamani, wọ́n lù ú, ó sì kú. Ledger ni orúkọ rẹ̀ wà lára igi.

Ìkẹta ni rọ́bà. Ní 1876 Henry Wickham, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kó èso rọ́bà bí 70,000 láti Brazil dé Kew. Bí 2,700 ló hù, kò tó 4 nínú 100, torí òróró pọ̀ nínú èso rọ́bà, kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Bí 1,900 nínú èyí tó hù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Bí ìwé bá sọ pé ṣe ni Wickham fi èso náà pamọ́ kọjá lójú aṣọ́bodè bí olè, ẹ fura. Kò sí òfin tó kà á léèwọ̀ ní Brazil nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló bu iyọ̀ sí ìtàn náà lẹ́yìn ọdún.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ìwé tuntun kan fẹ́ sọ gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ di ẹni mímọ́. Graman Kwasi, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni Linnaeus fi orúkọ rẹ̀ pe Quassia, igi kíkorò tí wọ́n ń lò fún ibà. Ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, iyì tó gbà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó tún bá àwọn olóko dọdẹ àwọn ẹrú tó sá lọ. Ìwé tó dára á sọ méjèèjì.

Òǹkàwé_Ìkọ̀lé

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ìtàn tó kan ọ̀dọ̀ wa tààrà wà? Kì í ṣe Tahiti àti Brazil nìkan.

Láíbìrì_Ọ̀yẹ́

Ó wà, ó sì dùn. Ìrìn àjò mẹ́ta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rìn sórí odò Ọya ni: 1841, 1854, 1857. Àjàyí Crowther wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1841, ibà pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Theodor Vogel, onímọ̀ ewéko wọn, kú ní erékùṣù Fernando Po (Bioko lónìí) ní ìparí ọdún náà. Ní 1854, Dókítà Baikie, olórí ìrìn náà, fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ Pleiad, kò sì sí òyìnbó kankan tí ibà pa. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring fọ́ nítòsí Jẹ́bbà. Charles Barter, onímọ̀ ewéko, ń ṣa ewé lọ títí ó fi kú ní Rabba ní 1859.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Crowther tẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn 1854 jáde ní 1855. Baikie tẹ tirẹ̀ ní 1856. Ọkọ̀ kan náà, odò kan náà. Kí ènìyàn márùn-ún ka Crowther, kí márùn-ún ka Baikie, kí ẹ fi ọjọ́ kan náà wéra: kí ni èyí rí tí èkejì kò rí? Ta ló béèrè orúkọ ọmọ ìlú tó ń ṣe ògbufọ̀? Wọ́n ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Internet Archive ni kí ẹ ti wá wọn. Biodiversity Heritage Library ni ti àwọn ìwé aláwòrán ewéko. Ẹ má wa odindi ìwé aláwòrán sórí fóònù, dátà á lọ. Ojú ìwé tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá sì wọ ojú òpó GBIF, àkójọ ọ̀fẹ́ lórí ohun alààyè gbogbo ayé, tí ẹ yan Nàìjíríà, tí ẹ kọ Barter sí àyè olùkójọ, ẹ máa rí àwọn ewé gbígbẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já. Àwòrán wà fún òmíràn, pẹ̀lú ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Àpótí_Gíláàsì

Fún ìbéèrè kẹta: ẹ ṣe àpótí Ward, àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń gbé ewé láàyè kọjá òkun. Òun ló gbé rọ́bà, tíì àti igi kuníìnì yí ayé ká, kò sì ju ìgò tí a dé pa lọ.

Nathaniel Ward, dókítà ní London, ló fi ọmọ labalábá alẹ́ kan, tó ṣì wà nínú àpò tó fi bo ara rẹ̀, sínú ìgò oníyẹ̀pẹ̀ ní 1829, ó sì dé e. Kàkà kó máa wo kòkòrò, ó rí ewé tó ń hù: koríko kan, àti ewé tí kì í yọ òdòdó, irú èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ. Èéfín London ti ń pa irú ewé bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ tipẹ́. Inú ìgò ni wọ́n gbé fún bí ọdún mẹ́rin, kí ìdérí tó dípẹtà. Ní 1833 ó fi àpótí méjì ránṣẹ́ sí Sydney, ìrìn oṣù mẹ́fà, ewé inú rẹ̀ sì débẹ̀ láàyè. Ṣáájú ìgbà náà, iyọ̀ òkun àti àìsí omi ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá gbé.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: ẹ wá ìgò tàbí ike funfun tó mọ́ gaara, lítà 10. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ fọ́ ẹ̀dú lé e, sẹ̀ǹtímítà 1, kó má baà rùn. Ẹ da ilẹ̀dú lé e, sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ gbin ewé kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti abẹ́ igi, kì í ṣe láti ibi oòrùn. Omi ife kan, bí mílílítà 200, tó. Ẹ ṣí i sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá dé e, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí rẹ̀ pátápátá.

Ẹ máa wo ara ìgò. Bí ìrì bá wà lára rẹ̀ láàárọ̀, tó sì gbẹ kó tó di ọ̀sán, omi náà ṣe déédéé: ewé ń mí omi jáde, omi ń dì mọ́ ìgò, ó ń ṣàn padà sílẹ̀. Bí ìrì kò bá kúrò lára rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Ẹ ṣí i fún wákàtí méjì. Bí kò bá sí ìrì rárá, ẹ fi ṣíbí omi méjì kún un.

Oòrùn ló ń ba èyí jẹ́ jù lọ. Bí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ tààrà, ewé inú rẹ̀ á sè bí ẹ̀fọ́ láàárín ọ̀sán kan. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ má gbin ewé tí ara rẹ̀ nípọn bí àbámodá, á jẹrà. Bí ewé kan bá kú, ẹ tètè yọ ọ́ kí ó tó bu, torí ẹyọ kan ló ń kó ran gbogbo wọn.

Ewé_Ìjerò

Ó dára gan-an. Ẹ fi títẹ ewé kún un, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí Barter àti Vogel ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó ní ewé, tó sì ní òdòdó tàbí èso. Ewé nìkan kò tó, òdòdó ni wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ igi mọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ìwé ìròyìn, ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Ẹ fi páálí sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pákó méjì, 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà, há wọn, kí ẹ fi rọ́bà inú táyà dì í kó le. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ méjìméjì. Ẹni tó fo ọjọ́ kejì ni tirẹ̀ máa ń dúdú, pàápàá nígbà òjò. Ẹ má sá a sóòrùn, á ká jọ. Ẹ má fi nylon dì í. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá ṣì tutù lára, kò tíì gbẹ.

Kí ẹ tó kó o pamọ́, ẹ fi í sínú firísà fún ọjọ́ méje nínú nylon tí a dí lẹ́nu, kí kòkòrò kú. Bí iná bá lọ tó fi yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun, 29 sí 42 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ kò bá dá ewé kan mọ̀, Forest Herbarium tó wà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ni kí ẹ gbé èkejì rẹ̀ lọ. Méjì ni ká máa já nígbà gbogbo, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún yín.

Òǹkàwé_Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ọkàn wa balẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: kí ni ká kọ sára ìwé pélébé náà?

Ewé_Ìjerò

Ọjọ́. Ìlú, àdúgbò, àti ibi tó hù: etí odò ni, orí àpáta ni, inú oko kòkó ni. Gíga igi náà. Àwọ̀ òdòdó nígbà tó wà ní tútù, torí á pàwọ̀ dà bó bá gbẹ. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará ibẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, bí wọ́n ṣe pè é gan-an, ẹ má yí "u" padà sí "i". Orúkọ ẹni tó já a. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi í hàn yín, bí ó bá gbà kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò. Omi kì í pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́.